Ìmoore àti ìfọkànsìn Vivekananda sí Ramakrishna

Ìmoore àti ìfọkànsìn Vivekananda sí Ramakrishna jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àpẹẹrẹ tí a mọ̀ jù lọ nípa àjọṣe ọmọ ẹ̀yìn àti olùkọ́ ẹ̀mí nínú ẹ̀sìn Híńdù ní ayé òde òní. Ramakrishna (18 Oṣù Kejì 1836 – 16 Oṣù Kẹjọ 1886) jẹ́ àwòrò òrìṣà Kali ní Dakshineswar, lẹ́bàá ìlú Kolkata ní ilẹ̀ Bengal, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Kò kàwé púpọ̀, kò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé kankan. Swami Vivekananda (12 Oṣù Kìíní 1863 – 4 Oṣù Keje 1902), tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Narendranath Datta, jẹ́ ọmọ agbẹjọ́rò tí ó kàwé gboyè, tí ó sì mọ orin kọ dáadáa. Ọdún márùn-ún péré ni àwọn méjèèjì fi mọ ara wọn, láti ìparí ọdún 1881 sí ọdún 1886. Narendra lo ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó kù nínú ayé rẹ̀ láti fi san gbèsè ọdún márùn-ún náà.

Ìtàn yìí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìtàn ọmọ ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń sọ, nítorí pé kì í ṣe ìgbọràn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iyèméjì ni Narendra gbé wá sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, iyèméjì náà kò sì tán títí di ọjọ́ tí ó kù díẹ̀ kí ọ̀gá náà kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àríyànjiyàn mìíràn tún dìde láàárín àwọn ọmọ ẹ̀yìn fúnra wọn: ṣé pẹpẹ ni a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí iṣẹ́?

Guru àti gbèsè tí a jẹ ẹ́

Láti inú èdè Sanskrit ni ọ̀rọ̀ náà guru ti wá. Àlàyé tí ó gbajúmọ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́ ni pé gu túmọ̀ sí òkùnkùn, ru sì túmọ̀ sí ohun tí ń lé e lọ, èyí tí ó mú kí guru jẹ́ ẹni tí ń lé òkùnkùn kúrò. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, ó sì wà nínú ìwé ìsìn, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò gbà á. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní ìpìlẹ̀ ni "ohun tí ó wúwo". Ìbátan ni òun àti gravis ti èdè Látìnì, tí ó ní ìtumọ̀ kan náà. Guru jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n, ẹni tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ìtumọ̀ kejì yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kún fún ewì bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó bá bí àwọn Híńdù ṣe ń hùwà níwájú olùkọ́ mu: ọmọ ẹ̀yìn a máa wólẹ̀, a sì fi ọwọ́ tàbí orí kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nínú àwọn ìwé Veda ni a ti kà pé ènìyàn máa ń wá sí ayé pẹ̀lú gbèsè mẹ́ta lọ́rùn. Ó jẹ àwọn òrìṣà ní gbèsè, ẹbọ ni a fi ń san án. Ó jẹ àwọn baba ńlá rẹ̀ ní gbèsè, ọmọ bíbí ni a fi ń san án. Ó sì jẹ àwọn rishi, ìyẹn àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ tí wọ́n gba ìmọ̀ sílẹ̀ fún aráyé, ẹ̀kọ́ kíkọ́ ni a sì fi ń san tiwọn. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó sì fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ti ń san gbèsè. Síbẹ̀, àṣà tún gbà pé kí ọmọ ẹ̀yìn fún olùkọ́ ní ẹ̀bùn nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Ẹ̀bùn yìí ni a ń pè ní guru-dakshina.

Ìtàn méjì nínú Mahabharata ni àwọn Híńdù máa ń rántí bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Èkíní ni ti Aruni, tí olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó lọ dí ògiri omi tí ó ya lójú oko. Nígbà tí gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ pin, ó fi ara rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ojú ihò náà kí omi má baà ṣàn lọ, ibẹ̀ ni olùkọ́ sì ti wá a rí. Èkejì ni ti Ekalavya, ọmọ ẹ̀yà inú igbó tí Drona kọ̀ láti kọ́ ní ọfà títa. Ọmọ náà mọ ère Drona, ó ń kọ́ ara rẹ̀ níwájú ère náà títí ó fi di ògbóǹtarìgì. Nígbà tí Drona gbọ́, ó béèrè àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí guru-dakshina, Ekalavya sì gé e fún un láì jiyàn. Ìtàn kejì yìí ti di ẹjọ́ ní Íńdíà. Àwọn kan rí i bí òpin ìfọkànsìn. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn Dalit tí wọ́n kà sí ẹni ìsàlẹ̀ nínú ètò ẹ̀yà, rí i bí ẹ̀rí pé a lè fi orúkọ ìfọkànsìn rẹ́ ọmọ tálákà jẹ. Àwọn tí wọ́n rò bẹ́ẹ̀ kò ṣì sọ. Bí a bá ní ká máa yin ìfọkànsìn ọmọ ẹ̀yìn, ó yẹ ká kọ́kọ́ wo ohun tí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kan wà lọ́dọọdún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọpẹ́ yìí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Guru Purnima. Ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú ti oṣù Ashadha ni, èyí tí ó sábà máa ń bọ́ sí Oṣù Kẹfà tàbí Oṣù Keje.

Ìpàdé àti ìdánwò

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn míṣọ́nnárì ará Scotland ní Kolkata, tí a mọ̀ lónìí sí Scottish Church College, ni Narendra ti kàwé. Ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Brahmo Samaj, ẹgbẹ́ àtúnṣe ẹ̀sìn kan tí kò fara mọ́ ère bíbọ. Ìbéèrè kan ni ó ń dà á láàmú, tí ó sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣáájú ìsìn: ṣé wọ́n ti fi ojú ara wọn rí Ọlọ́run? Ó bi Debendranath Tagore, àgbà nínú ẹgbẹ́ Brahmo, ṣùgbọ́n ìdáhùn tààrà kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 1881, wọ́n pè é láti wá kọrin nílé Surendranath Mitra, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ lé Ramakrishna. Àwòrò náà gbọ́ orin rẹ̀, ó sì ní kí ó wá sí Dakshineswar. Nígbà tí Narendra débẹ̀, Ramakrishna fà á sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́, ó sì ń fi ohun dídùn bọ́ ọ lẹ́nu. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rò pé wèrè ni. Síbẹ̀ ó bi í ní ìbéèrè rẹ̀, Ramakrishna sì dáhùn láì lọ́ ọ lọ́rùn pé òun ti rí Ọlọ́run, àní pé òun rí I kedere ju bí òun ti ń rí ẹni tí ó jókòó síwájú òun lọ. Narendra padà sílé pẹ̀lú èrò méjì: orí ọkùnrin yìí kò pé, ṣùgbọ́n kò purọ́.

Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó sì ń jiyàn. Ó ń fi òrìṣà Kali ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwòrò Kali. Ramakrishna kò bínú sí i. Ohun tí ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni pé kí wọ́n yẹ òun wò bí olówó ṣe ń yẹ owó wò kí ó tó gbà á. Narendra gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ dé ìdí. Nítorí pé wọ́n máa ń sọ pé ara ọ̀gá kì í gba owó mọ́ra, ìtàn tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn kọ sílẹ̀ sọ pé ó fi owó rúpì kan pamọ́ sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé. Ramakrishna dé, ó jókòó, ó sì fò dìde bí ẹni tí nǹkan ta. Nígbà tí ó mọ̀ pé Narendra ni ó ṣe é, inú rẹ̀ dùn.

Kì í ṣe Narendra nìkan ni ó dán an wò. Jogin, tí ó di Swami Yogananda lẹ́yìn náà (kí a má ṣe pa á pọ̀ mọ́ Yogananda tí ó kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà), sùn sí yàrá ọ̀gá lóru ọjọ́ kan. Nígbà tí ó jí tí kò bá a, ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé bóyá ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, Sarada Devi, ni ó lọ, nígbà tí ó ń wàásù ìkóra-ẹni-níjàánu fún àwọn ẹlòmíràn. Ó jáde síta, ó dúró, ó ń ṣọ́ ilé obìnrin náà. Apá ibòmíràn pátápátá ni ọ̀gá ti rìn wá, ìtìjú sì bá Jogin. Ramakrishna ní ohun tí ó ṣe dára, nítorí pé ó yẹ kí a ṣọ́ ẹni mímọ́ lọ́sàn-án, kí a tún ṣọ́ ọ lóru, kí a tó gbà á gbọ́.

Ọ̀gá náà dán ọmọ ẹ̀yìn wò pẹ̀lú. Ìgbà kan wà tí ó dákẹ́ sí Narendra fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá wọlé, kì í wò ó lójú, kì í kí i, yóò sì máa bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀. Narendra kò dẹ́kun wíwá. Nígbà tí ó yá, Ramakrishna bi í léèrè ìdí tí ó fi ń wá nígbà tí òun kì í bá a sọ̀rọ̀. Ó fèsì pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni òun ń wá gbọ́. Òun fẹ́ràn rẹ̀, òun sì fẹ́ rí i ni òun ṣe ń wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ ìtàn wọn kì í dúró lórí ìdáhùn yìí, wọ́n máa ń yára lọ sórí àwọn ìran àti iṣẹ́ ìyanu. Ó ṣe kókó ju àwọn ìyẹn lọ. Ní àkókò náà, Narendra kò tíì gbà pé Kali wà, kò sì gbà pé ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ju ènìyàn lọ. Ìfẹ́ ti ṣáájú ìgbàgbọ́.

Ebi àti àdúrà ìgbà mẹ́ta

Ní ọdún 1884, bàbá Narendra, Vishwanath Datta, kú lójijì. Agbẹjọ́rò ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Kolkata ni, ilé rẹ̀ kò sì mọ ìyà, ṣùgbọ́n gbèsè ni ó fi sílẹ̀. Àwọn olówó wá ń kanlẹ̀kùn. Àwọn mọ̀lẹ́bí gbé ẹbí náà lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí ilé tí wọ́n ń gbé. Narendra, tí ó jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin, ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn nínú oòrùn láti wáṣẹ́. Ọjọ́ tí oúnjẹ kò bá tó nílé, yóò sọ fún ìyá rẹ̀, Bhuvaneshwari Devi, pé wọ́n ti pe òun jẹun níbìkan, yóò sì lọ fi ebi sùn.

Ó tọ Ramakrishna lọ pé kí ó bá òun bẹ Ìyá, ìyẹn Kali, nítorí owó oúnjẹ àwọn ará ilé òun. Ramakrishna ní kí ó lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Narendra wọ ilé òrìṣà tí ó ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó jáde, ọ̀gá bi í bóyá ó ti tọrọ owó. Ó ti gbàgbé. Ọgbọ́n, òye àti ìfọkànsìn ni ó tọrọ. Ọ̀gá dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kejì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó rántí, ṣùgbọ́n ojú tì í láti tọrọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó dúró síwájú rẹ̀. Ó wá rọ Ramakrishna fúnra rẹ̀, òun sì ṣèlérí pé oúnjẹ lásán àti aṣọ lásán kò ní wọ́n àwọn ará ilé rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé òrìṣà lóru ọjọ́ náà, oníkálukú ni yóò túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti yé e. Ohun tí a lè rí ni pé láti ọjọ́ náà ni Narendra kò ti bá ọ̀gá rẹ̀ jà mọ́ lórí Kali. Ẹjọ́ ilé náà kò sì parí bọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ àti ilé náà wà lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀.

Cossipore

Ní ọdún 1885, àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun mú Ramakrishna. Wọ́n gbé e kúrò ní Dakshineswar wá sí Shyampukur nínú ìlú, lẹ́yìn náà, ní Oṣù Kejìlá, wọ́n gbé e lọ sí ilé kan tí ó ní ọgbà ní Cossipore. Àwọn àgbà tí wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́ ń san owó ilé àti owó dókítà. Sarada Devi ń se oúnjẹ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Púpọ̀ nínú wọn fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, àwọn òbí wọn sì ń bínú.

Ìbẹ̀rù wà láàárín àwọn olùtọ́jú pé àrùn náà lè ràn. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé Vivekananda sọ pé ó gbé ife tí ọ̀gá ti mu ọ̀gì rẹ̀ kù, tí itọ́ àti ọyún wà nínú rẹ̀, ó sì mu ún tán lójú wọn. Dókítà kankan kò ní gba ènìyàn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà lọ, kò sì sí ẹni tí ó tún fà sẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀yìn kan tí ó dàgbà jù wọ́n lọ, Gopal, ti ra aṣọ aláwọ̀ osùn tí àwọn mọ́ńkì Híńdù máa ń wọ̀, Ramakrishna sì ní kí ó pín in fún àwọn ọ̀dọ́ náà. Narendra ni ó fi wọ́n sí ìkáwọ́ rẹ̀ pé kí ó máa tọ́jú wọn, kí wọ́n má ṣe túká.

Iyèméjì kò tíì tán. Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọ̀gá kú, tí ìrora pọ̀, Narendra dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá lè sọ nínú ìrora yìí pé Ọlọ́run tí ó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ ni òun, òun yóò gbà á gbọ́. Kò sọ ọ́ jáde. Ramakrishna dá a lóhùn pé ẹni tí ó wá sáyé bíi Rama, tí ó sì wá bíi Krishna, òun ni ó wà nínú ara yìí nísinsìnyí. Narendra tì kú fún ìtìjú pé, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú òun ti rí, òun ṣì ń dán ọ̀gá òun wò lórí ibùsùn ikú.

Eérú

Ramakrishna kú ní 16 Oṣù Kẹjọ 1886. Wọ́n sun òkú rẹ̀ létí odò Ganges ní Cossipore, wọ́n sì kó eérú àti egungun rẹ̀ sínú ìkòkò. Lọ́gán ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ramchandra Datta, tí ó jẹ́ dókítà àti àgbà ọmọ ẹ̀yìn, fẹ́ sin ìkòkò náà sínú ọgbà rẹ̀ ní Kankurgachhi. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí ó wà létí Ganges, ṣùgbọ́n wọn kò ní ilẹ̀, wọn kò ní owó, owó ilé Cossipore sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n dọ́gbọ́n yọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú eérú náà sínú ìkòkò mìíràn, wọ́n sì gbé e pamọ́ sí ilé Balaram Bose. Narendra ni ó pàrọwà fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ìkòkò àkọ́kọ́ lọ sí Kankurgachhi ní àlàáfíà, nítorí pé àbùkù ni yóò jẹ́ bí aráyé bá gbọ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ramakrishna ń jà lórí eérú rẹ̀.

Ní ọdún kan náà ni wọ́n háyà ilé ògbólógbòó kan ní Baranagar, tí àwọn ará àdúgbò ń sọ pé iwin ń gbé. Surendranath Mitra, onílé tí Narendra ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀gá, ni ó ń san owó rẹ̀. Ebi pa wọ́n níbẹ̀. Aṣọ kan wà tí wọ́n jọ ń lò, ẹni tí ó bá fẹ́ jáde ni yóò wọ̀ ọ́. Ní alẹ́ 24 Oṣù Kejìlá 1886, wọ́n jókòó yí iná ká ní abúlé Antpur, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ láti kọ ayé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí pé àìsùn ọdún Kérésìmesì ni.

Ìfọkànsìn gba oríṣiríṣi ọ̀nà láàárín wọn. Shashi, tí ó di Swami Ramakrishnananda, kò fi Baranagar sílẹ̀ láti rìnrìn-àjò ìsìn bíi ti àwọn tó kù. Ó ń bọ ọ̀gá bí ẹni pé ó wà láàyè: ó ń gbé oúnjẹ gbígbóná síwájú àwòrán rẹ̀, bí oru bá sì mú, yóò dúró, yóò máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àwòrán náà. Mahendranath Gupta, olùkọ́ ilé-ìwé, ti ń kọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá sínú ìwé ìrántí rẹ̀ láti ọdún 1882; ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní apá márùn-ún láàárín ọdún 1902 sí 1932, lábẹ́ àkọlé Kathamrita, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn lẹ́tà kan ṣoṣo, M. Láìsí i, ohùn Ramakrishna ìbá ti parẹ́. Girish Chandra Ghosh, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí ọtí jẹ́ àárò rẹ̀, sọ pé òun kò lè ṣe àdúrà òòjọ́ kankan, Ramakrishna sì ní kí ó fi ẹrù rẹ̀ lé òun lọ́wọ́ bí ẹni fi àṣẹ lé agbẹjọ́rò lọ́wọ́. Girish rò pé ó rọrùn. Ó wá rí i nígbẹ̀yìn pé òun kò lè sọ pé "èmi yóò ṣe é" nípa nǹkan kékeré kankan mọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ ní Amẹ́ríkà

Narendra ní tirẹ̀ rìn kiri Íńdíà fún ọdún bíi márùn-ún, ó rí ìṣẹ́ tí ó pọ̀ ju ti ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ní 11 Oṣù Kẹsàn-án 1893, pẹ̀lú orúkọ Swami Vivekananda, ó sọ̀rọ̀ níbi Ìpàdé Àpapọ̀ Àwọn Ẹ̀sìn Àgbáyé ní Chicago. Kí ó tó gbéra, ó ti kọ̀wé gba ìre lẹ́nu Sarada Devi. Síbẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ọ́ di olókìkí lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí, kò dárúkọ Ramakrishna. Ó di 24 Oṣù Kejì 1896 kí ó tó sọ àsọyé kan ní New York tí ó dá lórí rẹ̀, My Master, ìyẹn "Ọ̀gá Mi". Ó ka ohun rere gbogbo tí ó ti kọ́ni sí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì fi àṣìṣe sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Àwọn kan lára àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Íńdíà kò fara mọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí. Èsì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn lẹ́tà rẹ̀ ti fi hàn, ni pé kí wọ́n wàásù ẹ̀kọ́ náà fún aráyé, kí wọ́n má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni gba orúkọ ẹni tí ó kọ́ wọn.

Pẹpẹ tàbí iṣẹ́

Ó padà sí Íńdíà ní ọdún 1897, ó sì dá ẹgbẹ́ Ramakrishna Mission sílẹ̀ ní 1 Oṣù Karùn-ún ọdún náà, ní ilé Balaram Bose tí wọ́n gbé eérú pamọ́ sí níjọ́un. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwé, láti tọ́jú aláìsàn, láti fún ẹni tí ebi ń pa ní oúnjẹ. Swami Akhandananda ti bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́ ìyàn ní agbègbè Murshidabad ní ọdún kan náà.

Yogananda, Jogin tí ó ṣọ́ ọ̀gá lóru, ni ó takò ó. Ó béèrè bóyá ọ̀nà Ramakrishna nìyí. Àdúrà, ìfọkànsìn àti wíwá Ọlọ́run ni ọ̀gá fi kọ́ wọn. Ẹgbẹ́, ìpàdé àti ilé ìwòsàn jọ nǹkan tí Vivekananda kó bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ìbéèrè gidi ni, kì í sì í ṣe ọ̀tẹ̀. Vivekananda fèsì pé ọ̀gá tóbi ju bí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ, kí wọ́n má ṣe fi ìwọ̀n òye tiwọn dí i mọ́. Inú bí i bí ọ̀rọ̀ náà ti ń gbóná, ó sì jáde kúrò láàárín wọn pẹ̀lú omijé. Ó tọ́ka sí ohun kan tí Ramakrishna sọ ní Dakshineswar, pé kì í ṣe àánú ni ó yẹ kí a máa ṣe fún ẹ̀dá, bí kò ṣe kí a máa sìn ín bí ẹni sin Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Narendra nìkan ni ó jáde tí ó ń sọ pé bí òun bá wà láyé, òun yóò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́.

Ìdánwò èrò náà kò pẹ́ dé. Ní ọdún 1898, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ ní Belur létí Ganges láti fi kọ́ ilé fún eérú ọ̀gá, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Kolkata. Nígbà tí wọ́n béèrè ibi tí owó ìtọ́jú yóò ti wá, ó ní bí ó bá gba pé kí wọ́n ta ilẹ̀ náà, wọn yóò tà á. Èyí ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wá láti ọdún méjìlá sẹ́yìn. Owó dé láti ibòmíràn, kò sì pọn dandan láti tà á.

Ní 9 Oṣù Kejìlá 1898, ó gbé ìkòkò eérú náà lé èjìká ara rẹ̀, ó sì rìn láti ilé tí wọ́n háyà lọ sí ilẹ̀ Belur. Ó sọ fún ọmọ ẹ̀yìn kan tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ pé ọ̀gá ti sọ nígbà kan rí pé ibikíbi tí Narendra bá fi èjìká gbé òun dé ni òun yóò máa gbé, ìbáà ṣe abẹ́ igi. Ó gbé e kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ọ̀kan lára àwọn orin ìyìn tí ó kọ fún Ramakrishna ni wọ́n ṣì ń kọ ní ìrọ̀lẹ́ ní ibùdó ẹgbẹ́ náà káàkiri ayé.

Ọkùnrin kan náà ni ó bínú ní oṣù kìíní ọdún 1901 nígbà tí ó dé Advaita Ashrama ní Mayavati, lórí òkè Himalaya. Wọ́n dá ibùdó náà sílẹ̀ ní ọdún 1899 fún àṣàrò lórí Ọlọ́run tí kò ní àwòrán, tí kò sí ère, tí kò sí ètùtù. Àwọn mọ́ńkì kan ti gbé àwòrán Ramakrishna sí yàrá kan níbẹ̀, wọ́n ń fi òdòdó àti tùràrí bọ ọ́. Vivekananda kò pàṣẹ kí wọ́n gbé e kúrò, ṣùgbọ́n ó bá wọn wí, wọ́n sì pa ìjọsìn náà tì. Lẹ́yìn tí ó kú ní 4 Oṣù Keje 1902, ní ẹni ọdún 39, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dun ọ̀kan nínú wọn. Ó kọ̀wé sí Sarada Devi, bóyá ìyá yóò dá ọmọ láre. Èsì tí ó gbà ni pé ẹ̀kọ́ Advaita, ìyẹn pé ọ̀kan ṣoṣo ni ohun gbogbo, ni ẹni tí ó jẹ́ guru wọn dúró lé, nítorí náà kí àwọn náà dúró lé e.

Ní Belur, ilé òrìṣà ńlá tí wọ́n kọ́ fún Ramakrishna ṣí ní 14 Oṣù Kìíní 1938, ère rẹ̀ tí a fi òkúta funfun gbẹ́ sì wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ bí Shashi ti máa ń ṣe ní Baranagar. Ní Mayavati, kò sí àwòrán rẹ̀ nínú yàrá ìsìn kankan.